Píánò Títẹ̀ Lórí Ìtàgé àti Píánò Kíkọ́ni: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Fẹ́ Fi Wọ́n Ṣiṣẹ́ Jẹun

Ẹni tó bá fẹ́ fi píánò ṣe iṣẹ́ òòjọ́, yálà Èkó ló ń gbé ni tàbí Ìbàdàn tàbí Lọ́ńdọ̀nù, ní láti mọ òtítọ́ kan kí ó tó bẹ̀rẹ̀: nínú gbogbo àwọn tó ń tẹ orin kíláàsíkà káàkiri ayé, díẹ̀ ni àwọn tí owó kọ́ńsáàtì nìkan ń bọ́. Bẹ́ẹ̀ ló ti rí láti ọjọ́ pípẹ́. Frédéric Chopin, olórin píánò ọmọ Poland, dé Paris ní ọdún 1831, ìlú náà ló sì kú sí ní 1849, síbẹ̀ iye kọ́ńsáàtì gbangba tí ó ṣe ní gbogbo ayé rẹ̀ kò ju nǹkan bí 30 lọ. Owó tó fi ń san owó ilé àti owó aṣọ, ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ti ń rí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ní 20 faransi fún ẹ̀kọ́ kan. Clara Schumann náà, ẹni tó lo ohun tó lé ní ọgọ́ta ọdún lórí ìtàgé, gba iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ orin Hoch ní Frankfurt ní 1878, kò sì torí ìyẹn pa ìtàgé tì.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ nítorí pé mo ti rí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ní ẹ̀bùn, tí wọ́n ka iṣẹ́ olùkọ́ sí ibi tí ẹni tí ìtàgé kọ̀ ń fẹ̀yìn tì sí. Èrò yìí ń pa iṣẹ́ méjèèjì lára. Ẹni tó bá gbà á gbọ́ kì í kọ́ bí a ṣe ń kọ́ ènìyàn títí ebi yóò fi lé e dé ìdí rẹ̀, nígbà tó bá sì débẹ̀, ìbànújẹ́ ni yóò máa fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ múra iṣẹ́ méjèèjì sílẹ̀ pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ọ̀kan máa bọ́ èkejì.

Ohun èlò

Píánò gidi ní kíì 88, funfun 52, dúdú 36. Bí ìka bá tẹ kíì kan, òòlù kékeré tí wọ́n fi irun àgùntàn kíki wé ni yóò dìde lọ lu wáyà, bí ìka náà bá sì ṣe yára tó ni ohùn yóò ṣe lágbára tó. Ohun tí kíbọ́ọ̀dù oníkíì 61 tó wà ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa kò lè kọ́ ènìyàn nìyẹn, nítorí pé kíì rẹ̀ fúyẹ́, kò sì ní jẹ́ kí ìka mọ bí a ṣe ń díwọ̀n ohùn. Bí agbára yín kò bá tíì ká píánò gidi, ẹ ra píánò oníná tó ní kíì 88 tí wọ́n ṣe kí ó wúwo bíi ti píánò gidi, kí ẹ sì wá bátìrì àti inverter tí yóò máa gbé e nígbà tí kò bá sí iná. Ìdánrawò tó ń dúró de iná mànàmáná kò lè jẹ́ ti ojoojúmọ́.

Bó bá jẹ́ píánò tòkunbọ̀ ni ẹ fẹ́ rà, ẹ má ṣe sanwó kí ẹni tó ń tún ohùn píánò ṣe tó bá yín wò ó. Kí ó ṣí i, kí ó wo àwọn èèkàn irin tí wáyà wé mọ́ bóyá wọ́n ṣì dúró gírígírí nínú igi wọn, kí ó wo ìpẹtà ara wáyà, kí ó sì wò bóyá ikán tàbí kòkòrò mìíràn ti wọ inú igi. Kí ẹ̀yin náà tẹ gbogbo kíì 88 lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ wa: lásìkò òjò, pákó tó ń gbé ohùn máa ń fa omi, ó máa ń wú, ohùn á sì gòkè, bí ọyẹ́ bá dé, igi á gbẹ, ohùn á sì wálẹ̀. Píánò kì í fẹ́ ojú fèrèsé tí oòrùn ti ń wọlé, kì í sì fẹ́ ibi tí atẹ́gùn ẹ̀rọ amúlétutù ti ń fẹ́ lù ú tààrà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tún ohùn rẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún ó kéré tán, lẹ́ẹ̀kan bí ọyẹ́ bá ti lọ tán, lẹ́ẹ̀kan láàárín òjò.

Olùkọ́ tí ẹ ó tọ̀ lọ

Ọwọ́ ènìyàn ni iṣẹ́ yìí ti ń bọ́ sí ọwọ́ ènìyàn. Beethoven kọ́ Carl Czerny. Czerny kọ́ Franz Liszt àti Theodor Leschetizky. Leschetizky kọ́ Artur Schnabel àti Paderewski. Ìran bẹ́ẹ̀ wà nílé wa pẹ̀lú. Thomas Ekundayo Phillips tẹ dùùrù ní Kàtídírà Kírísítì ní Marina, Èkó, láti 1914 títí di 1962, abẹ́ rẹ̀ ni Fela Sowande sì ti gba ìpìlẹ̀ tó gbé e dé Lọ́ńdọ̀nù. Ayo Bankole náà kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ní kékeré. Nítorí náà, bí ẹ bá ń wá olùkọ́, ẹ béèrè ẹni tó kọ́ òun fúnra rẹ̀, kí ẹ sì béèrè ohun tó gbọ́ lẹ́nu onítọ̀hún.

Ṣùgbọ́n orúkọ kò tó. Ẹ lọ jókòó níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ti ń tẹ píánò, kí ẹ sì fetí sílẹ̀. Bí gbogbo wọn bá ń tẹ̀ bákan náà, tí ọmọ mẹ́fà ń ṣe àṣìṣe kan náà lójú kan náà, olùkọ́ náà ń kọ́ wọn ní orin, kò kọ́ wọn ní píánò. Ẹ wò bóyá òun fúnra rẹ̀ ṣì ń dánra wò, nítorí pé ẹni tó ti kúrò nídìí iṣẹ́ yìí fún ọdún mẹ́wàá máa ń gbàgbé bí ohun tó rọrùn fún òun ti le tó fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀. Bí ẹ bá sì ní láti kúrò lọ́dọ̀ olùkọ́ kan lọ sọ́dọ̀ òmíràn, ẹ fi ẹsẹ̀ yín lọ sọ fún un, kí ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì jẹ́ kí òun náà mọ ẹni tí ẹ ń lọ bá. Ayé àwọn olórin kíláàsíkà ní Nàìjíríà kéré, ẹni tí ẹ bá fi ìwà burúkú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ lónìí lè wà lára àwọn adájọ́ ìdíje yín lọ́la.

Ìdánrawò

Chopin kò fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ dánra wò ju wákàtí mẹ́ta lọ lóòjọ́, mo sì rò pé ó tọ̀nà fún ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́. Fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, 20 ìṣẹ́jú lójoojúmọ́ tó. Fún ẹni tó ń múra sílẹ̀ fún ilé ẹ̀kọ́ gíga, wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin, tí yóò máa sinmi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn ìṣẹ́jú 45 kọ̀ọ̀kan. Ohun tó ṣe pàtàkì ju wákàtí lọ ni ohun tí a fi wákàtí náà ṣe. Ẹni tó bá ń tẹ orin kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lẹ́ẹ̀mẹwàá, àṣìṣe rẹ̀ ló ń kọ́ ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá.

Ọ̀nà tó dára ni pé kí ẹ mú báà mẹ́rin péré, ìyẹn ìpín mẹ́rin nínú àwọn tí ìlà òòró pín orin sí nínú ìwé. Ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún nìkan tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, kí ẹ fi ọwọ́ òsì nìkan tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì fi pẹ́ńsùlù kọ nọ́ńbà ìka tí ẹ yàn sórí nóòtì kí ó má baà yí padà lọ́la. Bí ọwọ́ méjèèjì bá pàdé tí nǹkan sì dàrú, ẹ má ṣe padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ dúró, kí ẹ fi ẹnu ara yín sọ ohun tó ṣẹlẹ̀: ìka wo ló pẹ́, kíì wo ni kò dún, ibo ni ara ti le. Ohun tí a bá lè fi ẹnu sọ, a lè tún un ṣe. Olùkọ́ ọ̀la sì ti ń kọ́ bí a ṣe ń ṣàlàyé nìyẹn láìmọ̀. Ní òpin ọ̀sẹ̀, ẹ fi fóònù gba ohùn ara yín sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó di ọjọ́ kejì kí ẹ tó gbọ́ ọ.

Lórí síkéèlì, ìyẹn nóòtì tó ń gòkè tó sì ń sọ̀kalẹ̀ tẹ̀léra, ọ̀pọ̀ ìwé ló ń bẹ̀rẹ̀ láti C nítorí pé ó rọrùn láti kà. Chopin ṣe òdìkejì: B major ló kọ́kọ́ máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́, nítorí pé àwọn ìka gígùn á sinmi lé kíì dúdú, àtàǹpàkò á sì wà lórí funfun, gẹ́gẹ́ bí ọwọ́ ọmọ ènìyàn ṣe rí. C major ló fi ń ṣe ìkẹyìn. Ẹ dán an wò pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ bá le.

Ti mímọ orin sórí náà gba àkíyèsí. Ọwọ́ máa ń rántí, etí máa ń rántí, ojú máa ń rántí bí ìwé náà ṣe rí, òye sì máa ń rántí ibi tí orin náà ń lọ. Ìrántí ọwọ́ ló kọ́kọ́ máa ń sá lọ bí àyà bá já lórí ìtàgé. Nítorí náà, nínú orin kọ̀ọ̀kan, ẹ yan ibi mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá tí ẹ ti lè bẹ̀rẹ̀ láìwo ìwé, kí ẹ sì máa dánra wò láti àwọn ibẹ̀ láìtò wọ́n tẹ̀léra. Bí orin bá já lọ́wọ́ yín níwájú èrò, ẹ ó ní ibi tó súnmọ́ tí ẹ ó dì mú.

Ohun tí ṣọ́ọ̀ṣì ti fún wa

Ọ̀pọ̀ àwa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ní ilẹ̀ Yorùbá, inú ẹgbẹ́ akọrin la ti wá, tonic sol-fa (doh, re, mi) la sì kọ́kọ́ kà. Àwọn kan máa ń tijú rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá dé àárín àwọn tó ń ka nóòtì, kò sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń kọ sol-fa dáadáa ti mọ ipò ohùn kọ̀ọ̀kan sí doh orin náà, ìmọ̀ yìí sì ni àwọn tó ń ka nóòtì láti kékeré sábà máa ń ṣaláìní. Láti kọjá sí orí ìlà márùn-ún, ẹ mú orin ìsìn kan tí ẹ mọ̀ ní sol-fa, kí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé tó wà ní nóòtì, kí ẹ máa fi ẹnu kọ sol-fa bí ojú ṣe ń ka nóòtì, kí ẹ sì yí ibi tí doh wà padà lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bákan náà, ẹni tó ti ń tẹ orin ìsìn olóhùn mẹ́rin lọ́jọọjọ́ Àìkú ti ní etí tó lè gbọ́ ohùn tó wà láàárín, etí yẹn sì ni orin Bach ń béèrè. Bí ẹ bá kó orin olóhùn méjì Bach, àwọn Invention 15 tí ó kọ fún kíkọ́ ọmọ, sí iwájú irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ ó rí i pé kò ní ṣòro fún un bí ó ṣe ń ṣòro fún ẹni tó mọ orin ọwọ́ ọ̀tún nìkan.

Ìdánwò àti àkójọ orin

Ìdánwò ABRSM, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1889, ni ọ̀pọ̀ òbí mọ̀. Gíréèdì mẹ́jọ ló ní, máàkì rẹ̀ jẹ́ 150, ẹni tó bá gba 100 ti yege, 120 jẹ́ merit, 130 sì jẹ́ distinction. Kí ọmọ tó ṣe Gíréèdì 6, wọ́n sábà máa ń béèrè pé kí ó ti yege nínú ìdánwò tíọ́rì Gíréèdì 5 tàbí òmíràn tí wọ́n bá gbà dípò rẹ̀, nítorí náà ẹ má ṣe fi tíọ́rì sílẹ̀ di ìgbà tí ọ̀nà bá dí. Ìdánwò yìí wúlò, ó ń fún ọmọ ní ọjọ́ tí yóò máa fojú sọ́nà fún, ó sì ń fún òbí ní ìwé ẹ̀rí. Ewu rẹ̀ ni pé ọmọ lè lo ọdún kan gbáko lórí orin mẹ́ta, kí ó sì dé Gíréèdì 8 láìmọ ju orin mẹ́rìnlélógún lọ. Láàárín ìdánwò méjì, ẹ fún akẹ́kọ̀ọ́ ní orin kéékèèké mẹ́wàá tí yóò tẹ̀ lọ́sẹ̀ kan sí méjì, tí yóò sì fi sílẹ̀.

Ilé ẹ̀kọ́ gíga tó bá fẹ́ gbọ́ ẹni tó fẹ́ wọlé sábà máa ń béèrè prelude àti fugue Bach kan, sonata Beethoven tàbí Mozart tàbí Haydn kan, étude kan, orin ńlá kan láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àti òmíràn láti ọ̀rúndún ogún. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwọ̀nyí jọ ní ọdún méjì ṣáájú.

Ẹ̀bẹ̀ kan wà tí mo fẹ́ bẹ̀ yín níbí, ó sì wà lọ́kàn mi gidigidi. Ẹ fi orin àwọn tiwa kún un. Akin Euba, tí wọ́n bí ní 1935, tó sì kú ní 2020, kọ́ píánò ní Trinity College ní Lọ́ńdọ̀nù, ó padà wá ṣe ìwádìí lórí ìlù dùndún, ó sì mú èrò kan jáde pé píánò lè sọ èdè ìlù Áfíríkà láìfarawé ẹnikẹ́ni. Orin rẹ̀ Scenes from Traditional Life, tí ó kọ ní 1970, yẹ kí ó wà lọ́wọ́ gbogbo ọmọ Yorùbá tó bá ń lọ sí ìtàgé. Ayo Bankole kọ orin píánò pẹ̀lú. Samuel Coleridge-Taylor, tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Sierra Leone, fi orin Yorùbá kan, Oloba, sínú orin píánò 24 tí ó tẹ̀ jáde ní 1905. Rebeca Omordia, olùtẹ píánò tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, dá ọ̀wọ́ kọ́ńsáàtì kan sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2019 fún irú orin báwọ̀nyí, àwọn ènìyàn sì ń wá. Ẹ fi ìtọ́jú kan náà tí ẹ fi ń kọ́ Beethoven kọ́ wọn, kí ẹ sì lọ tẹ́tí sí onídùndún gidi kí ẹ tó pinnu bí ọwọ́ òsì yóò ṣe dún.

Títẹ píánò fún ẹlòmíràn

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Akọrin, onífayolíìnì àti ọmọ tó ń ṣe ìdánwò fèrè, gbogbo wọn ló nílò ẹni tí yóò tẹ píánò fún wọn. Ibi yìí ni orúkọ olùtẹ píánò ti ń tètè kárí ìlú. Ohun tí wọ́n ń wá kò pọ̀: ẹni tó lè ka orin lójú ẹsẹ̀, tó lè gbé orin sókè tàbí sílẹ̀ bí ohùn akọrin kò bá gbé e, tó ń gbọ́ ìmí akọrin, tó sì ń dé lásìkò. Kí ẹ lè ka orin lójú ẹsẹ̀, ẹ máa ka ojú ìwé kan tuntun lójoojúmọ́, kí ẹ má ṣe dúró tún àṣìṣe ṣe. Ojú gbọ́dọ̀ máa wà ní báà kan ṣáájú ọwọ́.

Kọ́ńsáàtì àkọ́kọ́

Liszt ni wọ́n máa ń kà sí ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ di àṣà pé kí ènìyàn kan ṣoṣo tẹ píánò fún èrò láti ìbẹ̀rẹ̀ alẹ́ dé òpin, ní nǹkan bí 1839 sí 1840. Ṣáájú ìgbà náà, akọrin àti àwọn olórin mìíràn ló máa ń wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Kò sí ohun tó burú bí tiyín àkọ́kọ́ bá rí bẹ́ẹ̀: ẹ pe akọrin kan, kí ẹ jọ pín wákàtí kan. Ẹ kọ́kọ́ tẹ gbogbo orin náà fún ẹbí nínú pálọ̀, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ yín, àti ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, kí ẹ tó gba irú gbọ̀ngàn tó wà ní MUSON Centre, ilé ẹgbẹ́ orin Nàìjíríà tó wà ní Onikan, Èkó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tún ohùn píánò ṣe lọ́jọ́ náà gan-an, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbé e sí ibi tí yóò wà, kí ẹ̀yin náà sì ní wákàtí kan pẹ̀lú rẹ̀, nítorí píánò tí kì í ṣe tiyín ní ìwúwo tirẹ̀. Ẹ wọ aṣọ tí ẹ ó wọ̀, àti bàtà, kí ẹ sì fi wọ́n dánra wò ṣáájú: apá agbádá máa ń gbá kíì, gìgísẹ̀ bàtà gíga sì máa ń mú pẹ́dà nira. Ẹ ṣètò jẹnẹrétọ̀, kí ẹ sì béèrè ibi tí wọ́n máa gbé e sí, kí ariwo rẹ̀ má baà bo orin tó bá jẹ́jẹ́.

Kíkọ́ni

Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ènìyàn nígbà tí ẹ̀yin fúnra yín ṣì ń kọ́ lọ́wọ́, pẹ̀lú ọmọ kan tàbí méjì, lábẹ́ ojú olùkọ́ yín. Ẹ gbààyè lọ́wọ́ rẹ̀ láti jókòó wo bí ó ṣe ń kọ́ àwọn mìíràn. Ní Weimar, iwájú gbogbo ẹgbẹ́ wọn ni Liszt ti máa ń gbọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Heinrich Neuhaus, tó kọ́ Sviatoslav Richter àti Emil Gilels, ṣe irú rẹ̀ ní Moscow. Ẹ̀kọ́ tí a gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ẹlòmíràn kì í bá ìtìjú wá, a sì máa ń rántí rẹ̀.

Ní ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́, ẹ tún ìjókòó ṣe kí ẹ tó ṣí ìwé kankan. Ìgúnpá ọmọ gbọ́dọ̀ wà ní ìwọ̀n gíga kan náà pẹ̀lú kíì, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá sì kanlẹ̀, ẹ fi àpótí sí abẹ́ rẹ̀, nítorí ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fì lófuurufú yóò fi èjìká di ara rẹ̀ mú. Ẹ jẹ́ kí ó kọrin tó mọ̀, kí ó sì fi ìka kan wá orin náà lórí píánò. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn èyí ni kí nóòtì tó wọlé.

Ọmọ tó dàgbà sí àárín wa ti gbọ́ kónkólò, ìlù tí agogo máa ń lù ní àlùtúnlù, ó sì jẹ́ ọrọ̀ tí olùkọ́ kò gbọdọ̀ fi ṣòfò. Nígbà tó bá dé Arabesque àkọ́kọ́ Debussy, níbi tí ọwọ́ ọ̀tún ti ń ka mẹ́ta tí ọwọ́ òsì ń ka méjì, ẹ ti ìwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ pàtẹ́wọ́ kónkólò, kí ọmọ náà fi ẹsẹ̀ ka ìlù mẹ́rin, kí ó tún fi ẹsẹ̀ kan náà ka mẹ́fà láìjẹ́ kí àtẹ́wọ́ yí padà. Nígbà tí ara rẹ̀ bá ti gbà á pé ìṣirò méjì lè máa gbé inú àkókò kan ṣoṣo, ẹ dá a padà sórí píánò. Mo ti rí i tí èyí ṣe ní ọ̀sán kan ohun tí oṣù kan tí a fi ń ka nọ́ńbà kò ṣe.

Ẹ má ṣe na ọmọ ní ìka. Ó ṣì ń ṣẹlẹ̀, mo sì fẹ́ sọ ọ́ gbangba: ọwọ́ tí wọ́n ń na máa ń le, ọwọ́ tó bá sì le kò lè tẹ píánò. Bí ọmọ kò bá dánra wò nílé, ẹ béèrè bí ilé náà ṣe rí. Ó lè jẹ́ pé pálọ̀ tí tẹlifíṣọ̀n wà ni píánò wà, ó lè jẹ́ pé aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni ó ń ti ilé ẹ̀kọ́ àti lẹ́sìn dé. Ẹ kọ iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ náà sínú ìwé àjákọ, ní èdè tí òbí rẹ̀ tí kò mọ orin lè kà: báà wo, ọwọ́ wo, ẹ̀ẹ̀melòó.

Owó

Ẹ gba owó ẹ̀kọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù, kí ẹ má ṣe gba ti ẹ̀kọ́ ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Òjò, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ àti ìgbéyàwó yóò jẹ ìdajì owó yín bí ẹ bá ń gbà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ àdéhùn sí ojú ewé kan: iye ẹ̀kọ́ tó wà nínú táàmù, ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ọmọ kò bá wá, ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí olùkọ́ kò bá wá. Bí ọ̀rẹ́ tàbí ẹbí bá mú ọmọ wá, ẹ dín owó kù bí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n kí òun náà buwọ́ lu ìwé. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, iṣẹ́ Olúwa ni, bẹ́ẹ̀ ni, síbẹ̀ ẹ lè fi ọ̀wọ̀ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ìjọ pé kí wọ́n máa san owó ọkọ̀ àti owó ìdánrawò, tàbí kí wọ́n fún yín ní kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn tí píánò wà láàárín ọ̀sẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ yẹn lè níye lórí ju owó lọ.

Ilé ẹ̀kọ́ gíga

Nílé, Fásitì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ àti Fásitì Nàìjíríà ní Nsukka ní ẹ̀ka orin, MUSON sì ní ilé ẹ̀kọ́ dípúlómà ní Èkó. Fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, UCAS Conservatoires, ètò tó ń gba ìwé ìbéèrè àwọn tó fẹ́ wọlé, ni ẹ ó gbà kọ̀wé sí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ orin ńlá wọn, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá ọdún tó ṣáájú ni wọ́n sì máa ń tilẹ̀kùn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn wa ló ń pàdánù rẹ̀ nítorí wọ́n rò pé ó bá ti fásitì yòókù dọ́gba. Ní Amẹ́ríkà, ilé ẹ̀kọ́ orin Curtis ní Philadelphia kò gba owó ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá wọlé, ṣùgbọ́n ènìyàn díẹ̀ ni wọ́n ń mú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ wọ̀nyí máa ń béèrè fídíò kí wọ́n tó pe ènìyàn, nítorí náà ẹ wá píánò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ohùn rẹ̀ ṣe, kí ọwọ́ àti ojú yín hàn nínú àwòrán, kí ẹ má sì ṣe gé e pọ̀ láti inú ìtẹ̀ méjì.

Ọwọ́ yín

Robert Schumann ba ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ jẹ́ ní ọ̀dọ́, ìtàgé sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Leon Fleisher, ọmọ Amẹ́ríkà, pàdánù agbára ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ní àárín àwọn ọdún 1960. Ó ń bá iṣẹ́ olùkọ́ lọ ní ilé ẹ̀kọ́ orin Peabody ní Baltimore, ó ń tẹ àwọn orin tí wọ́n kọ fún ọwọ́ òsì nìkan, irú èyí tí Ravel kọ fún Paul Wittgenstein tí ogun gba apá kan lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì tó àwọn ọdún 1990 kí ó tó padà fi ọwọ́ méjèèjì tẹ píánò lórí ìtàgé. Kíkọ́ni ló jẹ́ kí ó wà nínú orin ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Bí ọwọ́ bá ń dun yín, tàbí tó ń ṣe yín bí abẹ́rẹ́, tàbí tí ìka kan ń ká wọlé fúnra rẹ̀, ẹ dúró lọ́jọ́ náà, kí ẹ má ṣe fi àbóníkí pa á mọ́lẹ̀ kí ẹ tún padà jókòó. Ẹ lọ rí dókítà tàbí oníṣẹ́ fisiotẹ́rápì.

Pípín ọdún

Ewu tó kù ni pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò pọ̀, owó yóò wọlé, olùkọ́ kò sì ní rí àyè dánra wò mọ́. Àwọn ọmọ kì í dé láti ilé ẹ̀kọ́ kí ó tó di aago mẹ́ta ọ̀sán, nítorí náà òwúrọ̀ jẹ́ tiyín. Ẹ má ṣe tà á fún ẹnikẹ́ni, kódà fún òbí tó bá ní òun yóò san ìlọ́po méjì. Ní oṣù Kìíní ọdún kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tó gba akẹ́kọ̀ọ́ tuntun, ẹ kọ́kọ́ mú ọjọ́ fún kọ́ńsáàtì tiyín, ẹ san owó gbọ̀ngàn sílẹ̀, kí ẹ sì kọ orin tí ẹ ó tẹ̀ sórí kàlẹ́ńdà. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá mú ọjọ́ kọ́ńsáàtì àwọn akẹ́kọ̀ọ́, lọ́sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta lẹ́yìn tiyín, kí wọ́n lè wá gbọ́ olùkọ́ wọn kí ó tó kan àwọn náà.